Fóònù Kan Ṣoṣo Nínú Ilé

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu, a máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyá kan wà nínú wọn tí ó ń yan gàrí. Ọmọ márùn-ún ni ó bí. Kì í pa kíláàsì jẹ, àyàfi bí ẹ̀gẹ́ bá wà nílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ó wá, ṣùgbọ́n kò ṣí ìwé rẹ̀. Ó káwọ́ lérí. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó dé, ó ní: «Olùkọ́, iṣẹ́ ọmọ mi fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.»

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán parí, ibi iṣẹ́ kan ní Kútọnu sì fẹ́ gbà á. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kí ó mú ìwé ìbí tuntun wá, irú èyí tí ìjọba ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ nísinsìnyí, àti pé ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni òpin. Fóònù tí ó lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ. Bàbá ni ó ni ín. Ìyá ní fóònù kékeré tí a ń tẹ̀, tí ó ní iná lórí, èyí tí kò mọ̀ ju kí a pè é kí a sì dáhùn. Ọmọ kò ní rárá.

Bàbá ti mú fóònù náà dání lọ sí abà láti ọjọ́ Ẹtì, ó ń tún ilẹ̀ ṣe de òjò àkọ́rọ̀. Kò sí iná ní abà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fóònù ti kú. Alẹ́ Ọjọ́rú ni bàbá padà dé. Wọ́n gbé fóònù lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní pátákó oòrùn lórí òrùlé, tí ó ń gba 100 sẹfà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kún iná. Nígbà tí fóònù jí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Òpin ti di ọ̀tunla.

Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, ìyá àti ọmọ gun zẹ́mì lọ sí Kétu, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń béèrè ìwé ìbí náà báyìí. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, ojú ìwé kò ṣí. Wọ́n lọ sí ibòmíràn, kò ṣí. Ní ibi kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà sọ fún wọn pé ẹja ńlá kan ni ó gé okùn jẹ nínú òkun. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Kì í ṣe ẹja. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé okùn já. Íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò ní ilẹ̀ wa, láti inú òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọlé. Okùn tí ó ní fọ́nrán dígí tín-ín-rín nínú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti Yúróòpù títí dé etíkun wa. Lára irú okùn bẹ́ẹ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí Kútọnu ni èyí tí ó ń jẹ́ SAT-3, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002, àti èyí tí ó ń jẹ́ ACE, tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Láti Kútọnu, okùn mìíràn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń gbé e lọ sí àwọn ìlú òkè, òpó gíga tí a ń rí ní ìgbèríko ni ó sì ń fẹ́ ẹ kálẹ̀ fún fóònù wa. Ohun tí àwa níhìn-ín ń pè ní rẹ́sò nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹta yẹn, okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Àbíjàn, SAT-3 àti ACE sì wà nínú wọn. Ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Ivory Coast, Gánà, Làìbéríà àti Burkina Faso, gbogbo wọn ni ó kàn. Àwọn tí ó ni okùn fura pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó yẹ̀. Wọ́n ní láti fi ọkọ̀ ojú omi wá okùn náà kàn, kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n so ó pọ̀, kí wọ́n tún tẹ́ ẹ padà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Kí ó tó parí, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń wá ọ̀nà mìíràn tí rẹ́sò lè gbà, ó ń wá, ó ń lọ.

Ìwé ìbí náà jáde lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì. Ibi iṣẹ́ ti gba ẹlòmíràn.

Ní gbogbo abúlé, okùn inú òkun ni wọ́n dá lẹ́bi. Èmi kò bá wọn dá a lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ka ọjọ́ náà lórí ìka. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti dé títí di alẹ́ Ọjọ́rú jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, okùn òkun wà ní pípé, òpó abúlé ń ṣiṣẹ́, ojú ìwé ìjọba sì ń ṣí. Ohun tí kò sí ni fóònù nílé.

Àjọ àgbáyé kan wà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ITU. Nígbà tí àjọ yìí bá ń ka àwọn ilé tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì, ìlànà kan wà tí ó fi lélẹ̀: íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni èyí tí gbogbo ará ilé lè lò nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ lórí fóònù. Ẹ tún gbólóhùn náà kà. Bí a bá fi ìlànà yìí wọn ilé ìyá tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé náà. Bàbá ni ó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí bàbá bá lọ sí abà, íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ sí abà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá béèrè ní ẹnu ọ̀nà pé «Ǹjẹ́ ẹ ní fóònù olóríṣiríṣi níhìn-ín?», bàbá yóò nà án sókè, wọn yóò sì kọ «bẹ́ẹ̀ ni» sílẹ̀ fún ènìyàn méje.

Àwọn elédè Faransé ní orúkọ fún ọ̀rọ̀ yìí, «fracture numérique» ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ènìyàn ni ilẹ̀ olówó ní apá kan, ilẹ̀ tálákà ní apá kejì. Tàbí Kútọnu níbí, ìgbèríko lọ́hùn-ún. Ìyẹn náà kò parọ́. Ní ọdún 2024, àjọ ITU ṣírò pé bílíọ̀nù 2.6 ènìyàn ni kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá ní ayé. Nínú 100 ará ìlú ńlá, 83 ń lò ó. Nínú 100 ará ìgbèríko, 48 péré. Ní Áfíríkà, tí a bá kó ìlú àti ìgbèríko pọ̀, 38 nínú 100 ni. Nínú 100 ọkùnrin ayé, 70 ń lò ó. Nínú 100 obìnrin, 65. Ṣùgbọ́n àlàfo tí mo ń rí nínú iṣẹ́ mi kì í sábà wà láàárín ìlú kan àti ìkejì. Àárín yàrá bàbá àti ààrò ìyá ni ó wà. Bí fóònù bá tilẹ̀ sùn nílé, bàbá ni yóò kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọkùnrin tí ó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Kí ọmọbìnrin tó fọ abọ́ tán, kí ìyá tó bo iná gàrí, mégà ti tán lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mégà yìí ni ó kàn. Ìgbìmọ̀ kan tí ó jẹ́ ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kéré jù kò yẹ kí ó gba ju 2 nínú 100 lọ nínú owó tí ń wọlé fún ènìyàn kan lóṣù. Ní ilẹ̀ wa, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin gbà láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52 000 sẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìṣirò ní kíláàsì, ẹ bá mi ṣe é: 2 nínú 100 nínú 52 000 jẹ́ 1 040 sẹfà. Ẹni tí ó ń ra mégà 100 sẹfà lójoojúmọ́ ti ná 3 000 kí oṣù tó parí. Ta ni ó sì ń rà á díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò ní owó oṣù kankan ni, ẹni tí ó jẹ́ pé ohun tí ó tà lónìí ni yóò ná lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹni tí ó ń rà á ní agolo ń san jù ẹni tí ó gbé odidi àpò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mégà rí. Owó ọjọ́ kan kò wọ́n lójú, ṣùgbọ́n mégà kan nínú rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju mégà kan nínú ti oṣù lọ.

Ẹ ó rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ìjọba ti ṣe òfin pé kí a máa san 5 sẹfà lé orí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Mégà 100 ti di 500 sẹfà owó orí nìyẹn, kí a tó dárúkọ iye tí a fi ra mégà fúnra rẹ̀. Ariwo ta ní gbogbo ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò sì dákẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fagi lé e. Mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó sùn ní kíláàsì ìṣirò.

Ó tún ku ohun kan tí kì í ṣe owó. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí mo bá bi ẹni tuntun léèrè ìdí tí ó fi wá kọ́ ìwé, yóò ní kí òun lè ka lẹ́tà tí ọmọ òun kọ, tàbí kí òun lè ka ìwé mímọ́. Lónìí, ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni èyí: «Kí n lè tẹ nọ́ńbà àṣírí mi fúnra mi.» Ìdí wà fún un. Ọkùnrin kan tí ó ń ta iṣu nínú kíláàsì wa a máa fi owó rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù. Kò mọ oòkà kà, nítorí náà ó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ tí ó ń bá a gba owó, kí ó máa bá a tẹ̀ ẹ́. 12 000 sẹfà rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ó tó mọ̀. Kò rí ẹ̀rí mú wá, nítorí pé ẹ̀rí tí ó wà nínú fóònù sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi owó náà ránṣẹ́. Oòkà mẹ́wàá péré ni ó wà, láti òdo dé ẹ̀sán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi kọ́ wọn tán.

Mo fẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ kan níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da méjèèjì pọ̀. Owó inú fóònù tí a ń fi ràwọ̀ àti nọ́ńbà pè kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí ìpè ń gbà ni ó ń gbà. Ìdí nìyẹn tí fóònù kékeré tí a ń tẹ̀ fi lè ṣe é, láìsí mégà kankan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìbí, yíyan ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò bákà, àti ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn tí ìjọba ti kó sí ojú kan láti ọdún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ó dára pé a kò ní láti rin ìrìn àjò lọ tò sí ẹnu ọ̀nà bìró mọ́. Ó dára fún ẹni tí ó ní fóònù. Ẹni tí kò ní ṣì ń rìn ín, ibi tí ó ń lọ ni ó yàtọ̀: ó ń lọ bá ọmọdé kan nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń kó orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́.

Èdè ńkọ́? Ẹni tí ó ti kọ́ láti ka Yorùbá dáadáa yóò mú fóònù, yóò rí Faransé. Ní kíláàsì wa, a ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan sí ara pátákó, a kò sì tíì pa wọ́n rẹ́ láti oṣù mẹ́ta: «Valider» ni «mo fọwọ́ sí i», «Annuler» ni «mo fagi lé e», «Suivant» ni «ó kan èyí tí ó tẹ̀lé e». Ìyá àgbàlagbà kan ti tẹ «Annuler» ní ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó ń bínú sí rẹ́sò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò gbàgbé wa pátápátá. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù kejìlá ọdún 2013, ó sì fi Fọ̀n kún un ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ṣùgbọ́n Yorùbá àwọn ará Nàìjíríà ni ó ń sọ. Níbi tí àwa ń pè ní bìró, yóò pè é ní ọ́fíìsì. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà pé èdè àjèjì ni. Àti pé ojú ìwé ìjọba, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì jù, Faransé ni a fi kọ ọ́.

Ohun tí ó la ọ̀nà fún àwọn tí kò kàwé ni ohùn. Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti gbà kí á sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí á sì fi ohùn náà ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ní ọmọ ní Àbíjàn. Ohùn ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ohùn ni wọ́n fi ń sọ iye owó tí ó wọlé, ohùn ni wọ́n fi ń jà. Mo mọ̀ pé àwa olùkọ́ mìíràn kò fẹ́ràn rẹ̀, a ní kò ní jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ́ ìwé. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti ń fi ohùn sọ̀rọ̀ lóòjọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé ìyá gàrí. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ Kútọnu ti bọ́, ó ní kí ọkọ òun máa fi fóònù sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá kọ̀. Kì í ṣe ìkà. Àwọn tí ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é, bí wọn kò bá sì bá a, wọn yóò ra ti ẹlòmíràn. Ìyá wá dúró de ìgbà tí àjọ obìnrin tí ó ń dá kàn án. Ó fi 15 000 sẹfà nínú rẹ̀ ra fóònù tí ẹnì kan ti lò, tí dígí rẹ̀ ti sán ní igun kan. Kò sọ pé ti òun ni. Ó ní ti ilé ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé gbogbo wọn gbọ́. Ẹni tí ó bá lò ó ni yóò dá 100 sẹfà sínú agolo tí ó wà lókè àwo.

Kò rọrùn. Ọmọkùnrin ilé ti mú un jáde lẹ́ẹ̀mejì, ìjà ńlá sì ṣẹlẹ̀. Bàbá náà a máa wá yá a bí tirẹ̀ bá ti kú, agolo rẹ̀ kì í sì í dún. Ọmọbìnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti rí àyè lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Kétu, owó rẹ̀ kò tó ti Kútọnu, ṣùgbọ́n ó ń fi àwòrán aṣọ tí ó rán ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà láti inú fóònù yẹn ní alẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wọ inú fóònù mi. Kò ní àmì ohùn kankan lórí, kò sí àyè láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n mo kà á: ìyá gàrí ni ó kọ ọ́, ó ní òun kò ní lè wá sí kíláàsì lọ́la nítorí ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ó tó kà á, nígbà tí ó kan òun láti mú fóònù.